Ẹ Má Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Iyè Rẹ̀ Ń Ra

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé díẹ̀ ni í sọ ọ́ síta. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ogójì ọdún ni ìyá yìí fi ta ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Èkó kí ó lè sinmi. Kò pẹ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó gbàgbé rẹ̀, ọbẹ̀ sì jóná. Ó ní ẹnì kan jí owó òun, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ìrọ̀rí ni òun fúnra rẹ̀ fi owó náà sí. Ẹ̀rù ba ọmọ rẹ̀. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀, ó gba àpò owó. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú yín." Ọmọ ọ̀dọ̀ ni í wẹ̀ fún un, òun náà ni í wọṣọ fún un. Oúnjẹ pàápàá, ṣíbí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, kí ó má baà dà á sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́fà, ìyá tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé kò lè gbé ife omi dé ẹnu mọ́.

Gbogbo ará ilé ní àìsàn ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àìsàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn nìkan. Ìfẹ́ tí kò ní òye náà wà níbẹ̀. Àdá tí a fi há àjà tí a kò lò mọ́, dandan ni kí ó dípẹtà. Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí: ohun tí ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra bá ṣì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

IRÚ ÀÌSÀN WO NI?

Àwọn àgbà wa mọ àìsàn yìí tipẹ́. Wọn a ní, "Iyè rẹ̀ ti ra," tàbí, "Ó ti ń ṣarán." Dìméńṣíà ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́ ni ó lè fà á. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni àrùn Alzheimer. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ni a fi orúkọ rẹ̀ pè é, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ó ti tọ́jú wò. Òmíràn ni èyí tí í wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ṣàn dé ọpọlọ dáadáa, irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń fà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ogbó lásán ni. Àgbà púpọ̀ wà tí wọ́n ti lé ní 80 ọdún tí iyè wọn ṣì pé pérépéré. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àjẹ́ ni. Ìyá tí ó ń rìn kiri lóru, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kì í ṣe àjẹ́, aláìsàn ni. A ti na àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, a ti dè wọ́n mọ́lẹ̀, a ti lé àwọn mìíràn jáde nílé tí wọ́n fi òógùn wọn kọ́. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún wa.

Ẹ̀rí wà pé àìsàn ni. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí jùmọ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nínú àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n ti tó 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí 13 tàbí 14 ni àìsàn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún. Ní Indianapolis, bí 32 ni. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Títí di òní, kò sí oògùn tí ń wo àrùn Alzheimer sàn. Oògùn wà tí ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, dókítà ni yóò sì sọ ẹni tí ó yẹ fún. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ wà tí ọwọ́ tiwa nínú ilé lè ṣe.

ỌWỌ́ Ń RÁNTÍ OHUN TÍ ẸNU TI GBÀGBÉ

Ìrántí ènìyàn dà bí ilé tí ó ní yàrá púpọ̀. Yàrá kan wà fún ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí. Yàrá yìí ni àrùn Alzheimer sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Yàrá mìíràn wà fún ohun tí ọwọ́ ti kọ́ láti ìgbà èwe: gèlè wíwé, irun dídì, ẹ̀wà ṣíṣà, ilẹ̀ gbígbá, aṣọ rírán. Ó máa ń pẹ́ kí àrùn náà tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá tí kò rántí orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi lè wé gèlè tí yóò gún régé. Ìdí nìyí tí bàbá tí ó jẹ́ télọ̀, tí kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, fi ṣì lè ká etí aṣọ kí ó sì rán an. Orin pẹ̀lú wà nínú yàrá yìí. Ẹ̀yin náà yóò ti rí àgbà tí kò lè parí gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá orin tí ó ti mọ̀ láti kékeré, yóò gbè é dé òpin.

Ní 2019, àwọn olùwádìí ní England àti Wales gbé àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde. Àwọn 475 tí àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ni wọ́n bá ṣe é. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ máa ṣe dáadáa sí i nínú ilé ara wọn. Olùtọ́jú sì ń lọ bá ìdajì wọn nílé nígbà mẹ́wàá láàárín oṣù mẹ́ta, ó ń wá ọgbọ́n tí wọ́n lè fi ṣe ohun tí wọ́n yàn náà. Lẹ́yìn èyí ó tún ń bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n yàn dáadáa ju àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé wọn kò lọ. A kò dá iyè padà. Iṣẹ́ ni a dá padà fún wọn.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn dókítà ti dán irú ìtọ́jú mìíràn wò. Àwọn àgbà tí àìsàn yìí mú a máa péjọ, wọn a jùmọ̀ sọ̀rọ̀, wọn a kọrin, wọn a ṣeré, kí iyè wọn lè máa jí. Ó fi hàn pé a lè ṣe é láàárín wa.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É NÍLÉ

Èkínní, ẹ bá a ṣe é, ẹ má ṣe ṣe é fún un. Ẹ pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá sọ pé, "Màmá, ẹ lọ múra," bí ohun mẹ́wàá ni ẹ ti kó jọ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹ to aṣọ sórí ibùsùn bí yóò ti wọ̀ ọ́: yẹ̀rì, bùbá, ìró, lẹ́yìn náà gèlè. Ẹ mú bùbá fún un, ẹ ní, "Ẹ na ọwọ́ yìí sínú rẹ̀." Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ kí ó tó wọ inú ọpọlọ tí ó ń ṣàìsàn. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ara yín kí ẹ tó tún un sọ. Bí ó bá ti wọ ọwọ́ méjèèjì, tí ó kù kí a de bọ́tìnnì, bọ́tìnnì nìkan ni kí ẹ bá a dè.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ó fojú rí i, kí ó fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í tó. Ẹ fi pákò sí i lọ́wọ́, kí ẹ̀yin náà mú tiyín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rin tiyín lójú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró sójú kan, ẹ fi ọwọ́ yín bo tirẹ̀, kí ẹ jùmọ̀ gbé ife dé ẹnu. Lẹ́yìn ìgbà kan tàbí méjì, ọwọ́ náà lè máa dá lọ.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí ó ti mọ̀ rí ni kí ẹ fún un. Ìyá ẹlẹ́wà, ẹ gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀ kí ó ṣà á. Ìyá tí ó fẹ́ràn ọbẹ̀ sísè, kí ó já ewédú, kí ó bó ẹ̀gúsí. Bàbá tí ó jẹ́ awakọ̀, kí ó fọ mọ́tò. Káfíńtà, ẹ fún un ní pákó kékeré àti bébà tí ó fi ń kun pákó. Tíṣà, ẹ ní kí ó ka ìwé ìròyìn sétí yín. Ìwọ̀nba ni kí iṣẹ́ náà jẹ́, kí ó sì jẹ́ èyí tí ilé ń fẹ́ ní tòótọ́. Àgbà mọ ìgbà tí a bá ń fi òun ṣeré. Bí òkúta bá kù nínú ẹ̀wà, ẹ gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ kí ẹ tún un ṣà. Ẹ má ṣe tún un ṣe lójú rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe yín lóore.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ní ètò. Wákàtí kan náà ni kí ó máa jí, kí ó máa wẹ̀, kí ó máa jẹun, kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ó sì máa rìn síta. Ibi kan náà ni kí ife, pákò àti bàtà rẹ̀ máa wà. Ẹ ya àwòrán sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí iná kékeré máa tàn níbẹ̀ lóru. Ẹni tí ó rí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní tọ̀ sára.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe dán an wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti wọlé, a ó ní, "Màmá, ta ni mí? Ẹ rántí orúkọ mi?" Ìdánwò nìyẹn, ìtìjú ni ó sì ń fà. Ẹ dárúkọ ara yín: "Màmá, èmi ọmọ yín àgbà ni mo dé." Bí ó bá ní òun ń lọ bá ìyá òun tí ó ti kú ní 30 ọdún sẹ́yìn, ẹ má ṣe bá a jiyàn, nítorí ọ̀fọ̀ tuntun ni ẹ óò tún tú fún un. Ẹ ní kí ó sọ nípa ìyá rẹ̀ fún yín. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ẹ bá a rìn yí ilé ká.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má gbàgbé ara. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Kí ó jó bí ó bá fẹ́ jó. Kí ó mu omi tó. Kí ẹ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn wà tí a ń pè ní olókùnrùn iyè tí ó jẹ́ pé ìdajì ìyọnu rẹ̀ ni pé kò gbọ́ ohun tí a ń sọ.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA

Ẹnìkan lè ní, "Bí mo bá gbà á láàyè, ṣé kò ní jó ilé?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ewu ni kí ẹ mú kúrò, ẹ má ṣe mú iṣẹ́ kúrò. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìkòkò kaná, kí ẹ sì ti gáàsì pa nígbà tí ẹ bá parí. Màmá ni kí ó jókòó sórí àpótí kí ó já ewédú. Ẹ má ṣe rọ kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ẹ ti oògùn mọ́nú àpótí. Ẹ dé kànga. Ẹ kó ẹní tí ó lè gbé e ṣubú kúrò nílẹ̀.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí ó ní àpò tirẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tí ó ti ń ka owó fún ogójì ọdún, bí kò bá rí owó kankan lọ́wọ́ ara rẹ̀, yóò rò pé a ti jà òun lólè. Bí ó bá ń fẹ́ jáde, ẹ bá a lọ. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ḿbà fóònù yín sára aṣọ, kí ẹ rán an mọ́ inú bùbá rẹ̀. Ẹ sọ fún ará àdúgbò, onímàgazíìnì àti aláta ìkóríta, pé bí wọ́n bá rí i lóun nìkan, kí wọ́n mú un jókòó kí wọ́n sì pè yín. Ẹ má ṣe fi ìtìjú pa á mọ́. Ojú àdúgbò a máa ṣọ́ ènìyàn ju àgádágodo lọ.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A RÍ DÓKÍTÀ

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni dìméńṣíà. Àìtó fítámì B12, àrùn ẹ̀ṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn tí à ń pè ní táírọ́ọ̀dù, ọtí àmujù, ìbànújẹ́ tí ó pẹ́ lọ́kàn, àti àwọn oògùn kan tí a ń lò papọ̀, gbogbo wọn lè mú ènìyàn máa gbàgbé, a sì lè tọ́jú wọn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò, tí òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, dání lọ bá dókítà.

Bí ìyípadà bá dé lójijì, bí ó bá jẹ́ pé lánàá ó mọ̀ yín, lónìí kò mọ̀ yín mọ́, tàbí ó ń sùn ṣáá, tàbí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe ní, "Àgbà ni." Ibà, àrùn inú ìtọ̀ tàbí rọpárọsẹ̀ lè wà nídìí rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ gbàdúrà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án, kí ó dè é, tàbí kí ó fi ebi pa á ní orúkọ àdúrà.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń ṢE ÌTỌ́JÚ

A kò ní tàn yín. Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ yìí ń gba àkókò. Bùbá tí ẹ lè wọ̀ fún un ní ìṣẹ́jú méjì lè gba ogún ìṣẹ́jú bí ó bá dá a wọ̀. Ní òwúrọ̀ tí ẹ bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ yan ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì jù lójú rẹ̀, kí ẹ di ìwọ̀nyẹn mú.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Nínú ilé púpọ̀, ọmọbìnrin kan ni gbogbo ẹrù ń wà lórí rẹ̀, àwọn tí ó kù a máa fi owó ránṣẹ́ láti Abújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Owó dára, ṣùgbọ́n owó kò lè bá Màmá ṣa ẹ̀wà. Ẹ wá gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣe, kí arábìnrin yín lè sùn.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọwọ́ náà yóò rẹ̀. Ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ yóò di ẹni tí ń já ewé. Ẹni tí ń já ewé yóò di ẹni tí ń di abọ́ mú nígbà tí ẹlòmíràn ń já a. Ẹ bá a sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe ti ẹ̀yin sáré kọjá rẹ̀.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òkété tí ó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀ kò di ọmọ. Ìyá náà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ wọ inú ilé lọ, ẹ bu ẹ̀wà kóńgò kan sórí tíréè, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀. Kí ẹ jókòó tì í. Kí ẹ wá wo bí ìka rẹ̀ yóò ti máa yọ òkúta.

Ó dìgbà kan ná.